Ẹja Odò Ọ̀ṣun: Èèwọ̀, Òfin àti Ààbò Omi ní Òṣogbo

Orúkọ oyè ọba Òṣogbo jẹ́ ẹ̀rí pàtàkì fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn bí àwọn Yorùbá ṣe ń tọ́jú omi. Àtáọ́ja ni oyè náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "a-tẹ́-ọwọ́-gba-ẹja". Gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtẹnudẹ́nu ṣe sọ, ọ̀dá omi ni ó lé Lárọ́òyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ kúrò ní Ìpólé tí wọ́n fi tẹ̀dó sí etí odò Ọ̀ṣun. Lárọ́òyè bá òrìṣà odò dá májẹ̀mú. Ó rúbọ, ẹja sì jáde láti inú omi, ó tẹ́ ọwọ́ gbà á. Láti ìgbà náà ni ẹja ibẹ̀ ti di ikọ̀ Ọ̀ṣun, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lè pe èyí ní àlọ́. Ohun tí ó jẹ wá lógún níhìn-ín ni iṣẹ́ tí èèwọ̀ náà ń ṣe. Ẹja tí ó bá dàgbà tí ó sì tóbi ni ó ń yé ẹyin jù. Òun gan-an sì ni àwọ̀n apẹja kọ́kọ́ ń kó. Níbi tí àwọ̀n kò bá wọ̀, irú ẹja bẹ́ẹ̀ yóò ṣẹ́ kù, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì wẹ̀ jáde lọ sí ibi tí pípa wọn kò ti jẹ́ èèwọ̀. Igi etídò tí a kò gé ń fún wọn ní ibòji, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń di ilẹ̀ mú.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá bẹ̀rù èèwọ̀ nìkan ni èèwọ̀ lè dè. Ní àwọn ọdún 1950, ẹ̀ka ìjọba tí ó ń bójú tó igbó wọ inú igbó Ọ̀ṣun. Wọ́n gbin igi tíìkì, ìdẹ sì ń dẹ, apẹja sì ń pẹja. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó dé Nàìjíríà ní 1950, wà lára àwọn tí ó dá ìbàjẹ́ náà dúró. Ìwé ìròyìn a máa kó gbogbo ìyìn fún un, èyí kò sì tọ́: àwọn àwòrò ibẹ̀ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi Adébísí Àkànjí, tí ó jẹ́ bíríkìlà, ni wọ́n jọ ṣe é. Ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí hẹ́kítà 75 ní 1992, UNESCO sì fi orúkọ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní 2005. Bí òfin ṣe wá ran èèwọ̀ lọ́wọ́ nìyẹn.

Síbẹ̀, odò kì í bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo. Ilẹ̀ Èkìtì, ní Ìgèdè, ni a mọ̀ sí orísun Ọ̀ṣun. Ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kí ó tó dé inú igbó náà. Nísàlẹ̀, ní Aṣèjírẹ, wọ́n sé e fún omi ẹ̀rọ Ìbàdàn, àwọn apẹja sì ń jẹun níbẹ̀ láìsí èèwọ̀ kankan. Odò kan náà ni, májẹ̀mú rẹ̀ ni kò dé ibi gbogbo. Nígbà tí àwọn awakùsà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ góòlù nínú omi ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹrẹ̀ rẹ̀ ṣàn wọ inú igbó tí a kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀ sí. Omi náà pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Ògọ́sìtì 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn olùjọ́sìn pé kí wọ́n má mu omi tí àwọn baba wọn ń mu fún ìwòsàn.

Ní èrò tiwa, èèwọ̀ Òṣogbo kò kùnà. A kàn dá a fún ọwọ́ tí ó ń pẹja ni, kì í ṣe fún ẹni tí ó ń walẹ̀ ní ìrìn ọjọ́ kan sókè odò. Àwọn ará Ìgèdè pẹ̀lú ń bọ Ọ̀ṣun, nítorí náà orísun àti igbó ní ohun tí wọ́n lè jọ sọ. Àárín wọn ni kò sí májẹ̀mú. Àwa tí a wà ní Ìkéré, Ìsẹ̀ àti Ẹmùré náà ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ nítòsí, tí ó ń ṣàn lọ sí ilẹ̀ Òndó; fún àwọn tí ń bu omi rẹ̀ mu níbẹ̀, àwa ni ará òkè odò.