Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìtàn Ìwé Alàwòrán lórí Àìsàn Líle fún Àwọn Ọmọdé ní Amẹ́ríkà, 1948 sí 1990

Èrò tó wọ́pọ̀ ni pé ìwé alàwòrán tó ń ṣàlàyé àìsàn líle fún ọmọdé ń gbé ìròyìn burúkú lọ bá ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ìtàn irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà kò ti èrò yìí lẹ́yìn. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé àwọn ọmọ ti mọ̀ kí ìwé tó dé. Àwọn àgbà ló pẹ́ kí wọ́n tó gbà pé wọ́n mọ̀.

Kí ọdún 1948 tó dé, ọmọ tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ bá mú kì í sábà lò ju ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀ lọ. Ní ọdún náà ni Sidney Farber, oníṣègùn kan ní ìlú Boston, kéde pé nínú ọmọ 16 tí òun fún ní oògùn aminopterin, ara ọmọ 10 fúyẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Àìsàn náà padà wá, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là. Bí oògùn ti ń dára sí i, oṣù di ọdún. Ìṣòro tuntun sì dé: ọmọ tí yóò lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta lẹ́nu ìtọ́jú yóò béèrè ohun tó ń ṣe é. Kí ni kí a wí fún un?

Ìdáhùn ìgbà náà ni pé kí a má wí nǹkan kan. Ní 1961, Donald Oken tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn dókítà ilé ìwòsàn kan ní Chicago: nǹkan bí 90 nínú 100 wọn ni kì í fẹ́ sọ fún aláìsàn pé jẹjẹrẹ ló ń bá a jà. Bí a bá ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún àgbà, ta ni yóò sọ ọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́fà?

Àwòrán wà lára ohun tó tú àṣírí náà. Eugenia Waechter, nọ́ọ̀sì tó tún jẹ́ olùwádìí, fi àwòrán han ọmọ 64 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 6 sí 10, ó sì ní kí wọ́n máa pa ìtàn lé e lórí. Nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1971, ẹ̀rù àti ikú ló kún inú ìtàn àwọn tí àìsàn wọn lè gbẹ̀mí wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, díẹ̀ nínú wọn ni òbí ti bá sọ ọ́ rí. Ní 1978, Myra Bluebond-Langner, onímọ̀ nípa ẹ̀dá àti àṣà, tẹ ìwé The Private Worlds of Dying Children jáde, lẹ́yìn tí ó ti wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún 3 sí 9 ní wọ́ọ̀dù. Àwọn ọmọ náà mọ oògùn wọn. Wọn kì í fẹ́ dárúkọ ẹlẹgbẹ́ wọn tó ti kú. Wọ́n mọ̀ pé àwọn ń kú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń díbọ́n nítorí àwọn òbí wọn. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà; ojú àwọn àgbà wà lára ibi tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ka ọ̀rọ̀ ara wọn.

Ní àkókò yìí kan náà ni Elisabeth Kübler-Ross gba lẹ́tà ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 9, tí jẹjẹrẹ ń bá jà, tó ń béèrè ìdí tí àwọn ọmọdé fi ń kú. Ó fọwọ́ kọ èsì, ó ya àwòrán aláwọ̀ mèremère sí i, èsì náà sì di ìwé kékeré. Kò ṣèlérí ìwòsàn.

Ọ̀nà mìíràn ni Charles Schulz gbà. Nọ́ọ̀sì kan ní California ló bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ran àwọn ọmọ lọ́wọ́. Why, Charlie Brown, Why? jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù Kẹta ọdún 1990, ó sì di ìwé lọ́dún kan náà. Ó dárúkọ àìsàn tó mú Janice gan-an, ó sì ṣàlàyé ìtọ́jú àti irun tó ń re. Lucy ń bẹ̀rù pé àìsàn náà lè ran òun; àwọn arábìnrin Janice ń jowú; ọmọ kan ń fi orí rẹ̀ tó pá ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìparí, irun rẹ̀ hù padà.

Ìparí yẹn kì í ṣe irọ́. Nígbà tó fi di 1990, ju ìdajì àwọn ọmọ tí irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù mú ní Amẹ́ríkà ló ń yè é. Ṣùgbọ́n ọmọ tí irun rẹ̀ hù padà, tí àìsàn sì tún dé, kò ní rí ara rẹ̀ ní ojú ewé tó kẹ́yìn. Lẹ́tà Kübler-Ross ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò. Ìwé kan ṣoṣo kò lè tó.

Ìtàn yìí kàn wá nílé. Àwọn baba wa kì í dárúkọ Ṣọ̀pọ̀ná gbàǹgbà. Wọ́n ń pè é ní Ilẹ̀ẹ́gbóná. Ọ̀wọ̀ ni, ọmọdé náà sì mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Lónìí, àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní fòní-kú-fọ̀la-dìde wà nínú ọ̀pọ̀ agboolé, ọmọ tó sì ń ṣe ń gbọ́ ikú nínú orúkọ náà. Ẹni tí yóò bá kọ ìwé alàwòrán fún un ní èdè Yorùbá, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí a lè fi pamọ́ fún un. Kí ó kọ́kọ́ bi í ní ohun tí ó ti mọ̀.