Láti Kọ́ńtáàtì dé Tirànsísítọ̀: Iná Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Àtijọ́ ní Kétu

Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Èkó. Láyé ìgbà náà, bọ́ọ̀sì Volkswagen tí àwọn ará Èkó sọ ní dánfó wà lára àwọn tí ń ná ọ̀nà Ìkòròdú gba Kétu kọjá. Nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kọ́ńtáàtì ni ó ń já iná bátìrì kí kọ́ìlì tó fi iná líle ránṣẹ́ sí púlọ́ọ̀gì. Charles Kettering ni ó gbé irú ètò yìí kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1910. Irin méjì tí ń fara kanra kò lè ṣe kí ó má jẹ. Nítorí náà ni mẹkáníìkì fi ń fi sáńpépà ha á, tí ó sì ń wọn àlàfo rẹ̀ sí mìlímítà 0.4.

Ní ọdún 1973, Chrysler fi tirànsísítọ̀ rọ́pò kọ́ńtáàtì nínú gbogbo ọkọ̀ tí ó ń ṣe ní Amẹ́ríkà. A tún rí èyí tí ó ṣe é fi sínú dísítíríbútọ̀ àtijọ́ láìpààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Kò sí irin tí ń jẹ mọ́. Ìwọ̀n iná kì í sì í yẹ̀ bọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, èrè yìí ní iye tí a san lé e. Bí kọ́ńtáàtì bá dáṣẹ́ sílẹ̀ ní Kétu, ọmọ-iṣẹ́ lè tún un ṣe lẹ́bàá títì. Bí ti tirànsísítọ̀ bá kú, òmíràn ni a óò rà. Ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ mẹkáníìkì tẹ́lẹ̀ ti di ọjà.