Ìtọ́jú Àwọn Tí Orí Wọn Dàrú: Ẹ̀kọ́ Láti Arò

Àwọn àgbà a máa wí pé wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ǹjẹ́ kò tún jẹ́ ọmọ ẹni mọ́ bí? Ìtàn ni a ó fi dáhùn.

Nígbà tí ìjọba Òyìnbó dá ilé wèrè sílẹ̀ ní Yábà ní 1907, ìsémọ́lé ni ó pọ̀ níbẹ̀ ju ìtọ́jú lọ. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, gba ọ̀nà mìíràn ní Arò. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé ìtòsí, olúkúlùkù pẹ̀lú ìbátan kan tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pẹ̀lú mọ́ra.

Ohun tí a rí kọ́ ni pé oògùn nìkan kò tó. Ojú ẹbí náà ń woni sàn. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Iresi nílé lóko, bí irú àìsàn yìí bá wọ ilé wa, kí a má ṣe fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ bo ìtìjú mọ́lẹ̀. Kí a mú aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹnì kan nínú wa sì bá a dúró.