Wàrà Lálẹ́ Ọjọ́ Kejì Iléyá

Tí Iléyá bá dé ní Ìlọrin, ẹran kì í ṣe ìṣòro. Ilé tí kò pa àgbò, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n á ti gbé ẹran wá fún un láti ilé mẹ́ta mìíràn. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni alẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo ẹbí bá pé, tí ẹran ti sú ẹnu. Kí lẹ máa gbé síwájú wọn? Kò gbọ́dọ̀ gba gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́ yín, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa wọkọ̀ padà sí Èkó tàbí Àbújá lọ́jọ́ kẹta. Síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dára débi pé màmá àgbà á béèrè pé, "Ta ló se èyí?"

Ìdáhùn tèmi ò gùn: wàrà díndín nínú ọbẹ̀ ata. Ẹni tó bá rin Táíwò Road láti Táíwò Ìsàlẹ̀ lọ sí Táíwò Òkè kì í pẹ́ rí ẹni tó gbé e sórí, funfun, nínú omi rẹ̀. Ẹ rà á, ẹ gé e, ẹ dín in, ẹ dà á sínú ọbẹ̀. Kò le rárá.

Àmọ́ ó yẹ ká béèrè ìdí tí kò fi le. Àwa tó ń kọ sọ́fítíwia mọ nǹkan báyìí dáadáa: ìlà kódù kan ṣoṣo lè pe iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe. Wàrà rọrùn fún wa torí pé ẹlòmíràn ti ṣe iṣẹ́ tó le kó tó dé Táíwò Road. Tí a bá sì tọpasẹ̀ ẹni yẹn lọ, inú ìtàn Ìlọrin la máa bọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún 19, wàrà ni wọ́n pe mílíìkì. Lónìí, tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ wàrà ní Ìlọrin, kò sẹ́ni tó máa fún yín ní agolo mílíìkì. Orúkọ ohun tó ń ṣàn ti di orúkọ ohun tó dì.

Ta ló mú un wá? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, oríṣiríṣi èèyàn ló ti ń gbé pọ̀ níbi tí à ń pè ní Ìlọrin lónìí. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó ti kẹ̀yìn sí Ọ̀yọ́, wà ní Ìdí Àpẹ. Ṣólàgbẹ́rú àti àwọn Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí wà ní Òkè Sùnà. Àwọn Hausa wà ní Gàm̀bàrí. Àwọn Fúlàní darandaran náà sì wà nítòsí pẹ̀lú màlúù wọn. Ní nǹkan bí 1817, Ṣéù Àlímì, tó jẹ́ àáfà Fúlàní, wá bá Àfọ̀njá. Ní nǹkan bí 1824, ìjà dé láàárín Àfọ̀njá àti àwọn tó ti ràn án lọ́wọ́, wọ́n sì pa á. Abdulsalami, ọmọ Àlímì, ló di Ẹ́míà àkọ́kọ́.

Apá yìí ni gbogbo wa mọ̀, òun náà la sì máa ń tún jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọọdún: ta ló ni Ìlọrin, ta ló dalẹ̀ ta. Ìjà náà ní ìtumọ̀, torí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti oyè ni. Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn jagunjagun àti àwọn àáfà nìkan ni à ń sọ níbẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń gbé igbá mílíìkì wọ ọjà kò sí nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ogun ti parí, àwọn ni wọ́n ṣì ń pàdé àwọn Yorùbá lójoojúmọ́, tí wọ́n ń nájà, tí wọ́n ń ta èènì.

Tí ẹ bá fẹ́ rí ẹsẹ̀ wọn nílẹ̀, ẹ wo orúkọ àdúgbò: Gáà Akáńbí, Gáà Ìmámù, Gáà Òdòta. Gáà ni ibùdó Fúlàní tó ń da màlúù. Lónìí, ilé, ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìwé ló kún Gáà Akáńbí, àmọ́ orúkọ náà ń rán wa létí pé ibi tí màlúù ń sùn rí nìyẹn.

Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ìdílé Fúlàní darandaran, ọkùnrin ló ni màlúù, ṣùgbọ́n obìnrin ló ni mílíìkì àti owó tó bá ti inú rẹ̀ wá. Mílíìkì ọ̀hún ò sì pọ̀. Lẹ́yìn tí ọmọ màlúù bá ti mu tirẹ̀ tán, lítà kan tàbí méjì lójúmọ́ ló sábà máa ń kù fún èèyàn lára màlúù kan. Nínú oòrùn wa yìí, kì í pẹ́ bàjẹ́. Nínú 100, nǹkan bí 87 ló sì jẹ́ omi lásán. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ta á lọ́nà jíjìn gbọ́dọ̀ wá ọgbọ́n dá sí i.

Ọgbọ́n náà wà nínú ewé bọmubọ́mù, igi kékeré olóje funfun tó ń hù lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n á gbé mílíìkì kaná díẹ̀díẹ̀, wọ́n á gún ewé àti igi bọmubọ́mù, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á sì sẹ́ omi rẹ̀ sínú mílíìkì tó ń gbóná. Tó bá yá, mílíìkì á dì, omi á yà sọ́tọ̀. Wọ́n á jẹ́ kó hó, wọ́n á wá bù ú sínú agbọ̀n kéékèèké kí omi lè ro dànù. Agbọ̀n yẹn ló ń fún wàrà ní ìrísí tí gbogbo wa mọ̀. Ní àwọn ọdún 1980, O. C. Aworh ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn onímọ̀ tó ṣèwádìí ohun tó wà nínú oje bọmubọ́mù tó ń dí mílíìkì. Àwọn obìnrin náà ti mọ̀ ọ́n lò tipẹ́. Ẹ má dán an wò nílé o: oje igi náà lágbára, ó sì lè ṣe ojú léṣe. Ẹni tó mọ ìwọ̀n rẹ̀ ni iṣẹ́ náà tọ́ sí.

Torí pé iná ló sọ ọ́ di líle, wàrà kì í yọ́ tí ẹ bá dín in, bíi paneer àwọn ará Íńdíà. Wàrà Fúlàní yìí náà ló wà ní Benin, Tógò àti Gánà, tí wọ́n ń pè ní wàgàsì. Ní Benin, wọ́n sábà máa ń fi pòròpórò ọkà bàbà pa á láró pupa.

Èrò tèmi ni pé ibí gan-an ni Yorùbá ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn Hausa ń po nónò mọ́ fúrá, wọ́n ń mu ún. Àwa, ọbẹ̀ la mọ̀. Ohun tí kò yọ́ nínú òróró gbígbóná, tó ń fa ata mu bí ẹran, ṣe ni ó dà bíi pé wọ́n ṣe é fún ìkòkò wa. Màlúù Fúlàní àti ata Yorùbá ló pàdé, kò sì sẹ́ni tó pàṣẹ fún wọn. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí pé Ìlọrin kì í ṣe ti ẹ̀yà kan ṣoṣo, kó ṣí ìkòkò wò.

Wàrà ti wá ní àbúrò báyìí. Ṣóyà ni wọ́n fi ń ṣe béske: wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi álọ́ọ̀mù tàbí omi ògì tó ti kan dí i. Ọ̀nà kan náà tí àwọn ará Ṣáínà ti ń gbà ṣe tofu láti ayébáyé ni. Béske dùn, ó sì rọ àpò lọ́rùn. Àmọ́ tí ẹ bá ń rajà fún àlejò, ẹ béèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ti màlúù ni àbí ti ṣóyà?" Bí gáà ṣe ń di ilé, tí pápá ń sún jìnnà sí ìgboro, ọ̀nà tí wàrà màlúù ń rìn kó tó dé Táíwò Road ń gùn sí i. Ọmọbìnrin tó bá sì rí iṣẹ́ mìíràn lè má kọ́ èyí mọ́. Kò sẹ́ni tó lè dá a lẹ́bi.

Ó ku síse. Ẹ ra wàrà láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ sè é, ẹ fi sílẹ̀ nínú omi rẹ̀. Tó bá máa sùn mọ́jú, ẹ tún un bọ̀. Ẹ gé e tóbi díẹ̀, ẹ jẹ́ kí omi ro kúrò lára rẹ̀ dáadáa kó má bàa ta òróró sí yín lára, ẹ fi iyọ̀ sí i, ẹ dín in nínú òróró tó gbóná títí ara rẹ̀ fi pọ́n. Ẹ lọ tàtàṣé, ata rodo, tòmátì àti àlùbọ́sà, ẹ dín ọbẹ̀ náà jiná. Nígbà tó bá ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ da wàrà sí i kó lè mu ata. Àmàlà, iyán, ìrẹsì, gbogbo rẹ̀ ló bá a lọ. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè lo halloumi, àmọ́ kó dín iyọ̀ kù.

Tí màmá àgbà bá wá béèrè ẹni tó sè é, ẹ dáhùn pé ẹ̀yin ni. Òótọ́ ni. Ẹ kàn fi kún un pé obìnrin kan ní gáà ló ṣe apá tó le.