Ilé-Ìwé Kò Gbọdọ̀ Gba Orúkọ Lọ́wọ́ Ọmọ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Ayétẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà ilé-ìwé ti là sílẹ̀ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Láyé òyìnbó, ọwọ́ àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wà. Ọmọ a wọlé ní Ràfíù, a jáde ní Raphael. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òbí fi dá ọmọ wọn dúró sílé.

Ní 1896, ìjọba dá ilé-ìwé Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó. Edward Blyden, aláwọ̀ dúdú tó ti ṣe pásítọ̀ rí, wà lára àwọn tó jà fún un. Ní 1923 ni Ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen bẹ̀rẹ̀, tí ó sì kọ́ ilé-ìwé káàkiri. Ní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Síbẹ̀, ó di 2022 kí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó fi òǹtẹ̀ lu híjáàbù ní ilé-ìwé ìjọba l'Ékòó.

Ohun tí a kọ̀ fún ọmọ tiwa, ẹ má jẹ́ kí á fi ṣe ọmọ ẹlòmíràn. Bí ọmọ Kìrìsìtẹ́nì tàbí ọmọ oníṣẹ̀ṣe bá wọ ilé-ìwé wa, kí ó jáde pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ẹ̀sìn wa kì í fi ipá múni. Kí Ọlọ́run fún wa ní òye.