Ta Ni Yóò Ka Tẹnìkejì? Ìtàn Àbùlẹ̀ Nínú PostgreSQL

 

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀. Tí a bá ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ wa yìí, èèyàn mélòó ló máa ń mú ewì tàbí ìtàn tirẹ̀ wá? Gbogbo wa ni, àbí? Èèyàn mélòó ló wá máa ń jókòó ka ti ẹlòmíì láti òkè délẹ̀, kó fi bírò fàlà sí ibi tó ti wọ́, kó sì sọ ọ́ fún un láìṣàbòsí? Ẹ má dá mi lóhùn. Mo mọ̀. Èmi náà jẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé inú ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ìtàn ọba, kì í sì í ṣe ti ogun. Ìtàn àwọn tó ń kọ kóòdù kọ̀ǹpútà ni, àwọn tó ń tọ́jú sọ́fítíwià kan tó ń jẹ́ PostgreSQL. Ẹ má sá o! Ẹni tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí pàápàá á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

PostgreSQL jẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní database, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń to ìsọfúnni sí létòlétò, tó fi jẹ́ pé tí ẹ bá béèrè á rí i fún yín kíá: orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, máàkì ìdánwò, owó tó wọlé, owó tó jáde. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ni ín. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè kà á, ẹnikẹ́ni sì lè dábàá àtúnṣe. Àtúnṣe tí èèyàn bá dábàá yẹn ni wọ́n ń pè ní patch. Orúkọ kan náà ni òyìnbó pe èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ aṣọ tó ya, torí náà àbùlẹ̀ ni èmi á máa pè é.

Ibi tí àbùlẹ̀ ti ṣẹ̀ wá

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, Douglas McIlroy àti James Hunt ṣiṣẹ́ lórí irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ diff. Ẹ fún un ní fáìlì méjì, èyí àtijọ́ àti èyí tuntun, á fi gbogbo ìlà tó yàtọ̀ hàn yín. Ní 1985, Larry Wall ṣe èkejì rẹ̀, ó sọ ọ́ ní patch. Ìyẹn á gba ohun tí diff kọ sílẹ̀, á sì fi tún fáìlì àtijọ́ ṣe títí á fi di tuntun.

Ó dà bí nǹkan kékeré, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Kò sídìí láti fi odidi iṣẹ́ ránṣẹ́ mọ́. Ẹni tó wà ní Rọ́ṣíà lè fi ìlà mẹ́wàá ránṣẹ́ sí ẹni tó wà ní Kánádà, ẹni yẹn á sì rí gẹ́lẹ́ ohun tó fẹ́ yọ àti ohun tó fẹ́ fi kún un. Àtúnṣe wá di ohun tí èèyàn lè kà, kó bá jiyàn, kó gbà á tàbí kó dá a padà.

Ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ ní Berkeley

Ní University of California, Berkeley, Michael Stonebraker àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ POSTGRES ní 1986, lẹ́yìn database mìíràn tí wọ́n ti ṣe ṣáájú, tó ń jẹ́ Ingres. Iṣẹ́ ìwádìí ni. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó ń lò ó ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni títún un ṣe ń jẹ àkókò tó yẹ kí wọ́n fi ṣe ìwádìí. Ni wọ́n bá fi ẹ̀dà 4.2 parí ẹ̀ ní 1994. Andrew Yu àti Jolly Chen, tí àwọn náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, fi èdè SQL sí i, wọ́n sì gbé e jáde bíi Postgres95. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́ níléèwé títí ayé. Ta ni yóò wá tọ́jú ọmọ?

Ní oṣù Keje 1996, Marc Fournier ní Kánádà yọ̀ǹda kọ̀ǹpútà kan tí kóòdù náà á máa gbé. Bruce Momjian ní Philadelphia, Thomas Lockhart ní California, àti Vadim Mikheev ní Krasnoyarsk ní Rọ́ṣíà dara pọ̀ mọ́ ọn. Ọdún yẹn náà ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí PostgreSQL.

Ibi tó dùn mọ́ mi nínú ìtàn yìí rèé. Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dáwọ́ lé? Kì í ṣe pé wọ́n jókòó kọ nǹkan tuntun tí ayé á fi pàtẹ́wọ́ fún wọn. Momjian fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀: ṣe ni wọ́n lọ ń tú àwọn lẹ́tà àtijọ́ wò, wọ́n ń ṣa àbùlẹ̀ tí àwọn èèyàn ti fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó dáa. Ó ní ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àbùlẹ̀ kan ṣoṣo lè ba gbogbo ilé jẹ́, káwọn má sì mọ bí àwọn á ṣe tún un ṣe. Ẹni tó jogún ilé tí kò mọ ibi tí òpó wà á rọra fi èékánná kan ògiri ni.

Wọ́n rọra rìn, wọ́n sì dé ibì kan. Ní 1999, nínú ẹ̀dà 6.5, iṣẹ́ Mikheev jẹ́ kó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń kà máa kà, kí ẹni tó ń kọ máa kọ, láìdí ara wọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn fún database.

Ìgbà tí àbùlẹ̀ ya bo ilé

Oríire náà ló wá di wàhálà. Àwọn tó ń kọ àbùlẹ̀ ń pọ̀ sí i, àwọn tó ń kà á ò pọ̀ bákan náà. Fún ẹ̀dà 8.3, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àbá tuntun ní oṣù Kẹrin 2007. Ẹ̀dà náà ò jáde títí di oṣù Kejì 2008. Ọ̀kan nínú ohun tó fa ìjáfara ni pé àwọn àbùlẹ̀ ńláńlá wà nílẹ̀ tó ń dúró de ẹni tó máa kà wọ́n. Ọ̀kan lára wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní HOT, tí Pavan Deolasee, ọmọ Íńdíà, ṣiṣẹ́ lé lórí, tó ń jẹ́ kí àtúnṣe sí ìlà kan nínú database má fi ẹrù tí kò pọn dandan kún atọ́ka. Oṣù Kẹsàn-án 2007 ni Tom Lane, ọ̀kan lára àwọn àgbà iṣẹ́ náà, tó yẹ̀ ẹ́ wò tó sì tún apá kan rẹ̀ ṣe, tó gbé e wọlé.

Ohun tí ìrírí yẹn bí ni wọ́n ń pè ní Commitfest, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ wáyé ní oṣù Kẹta 2008. Bó ṣe rí rèé: wọ́n á ya oṣù kan sọ́tọ̀, kí olúkúlùkù gbé kóòdù tuntun tirẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó wá ka ti ẹlòmíì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́dún ni. Àṣà tí wọ́n sì fi tì í lẹ́yìn ni pé ẹni tó bá mú àbùlẹ̀ kan wá, kó yẹ ti ẹlòmíì wò, èyí tó le tó tirẹ̀. Bí o bá jẹ nínú ọbẹ̀, wá bá wa fọ ìkòkò.

Kí ni àyẹ̀wò ọ̀hún? Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á kọ́kọ́ lẹ àbùlẹ̀ mọ́ kóòdù, á wò ó bóyá ó lẹ̀. Á jẹ́ kí àwọn ìdánwò tó wà nílẹ̀ ṣiṣẹ́. Á wò ó bóyá ẹni tó kọ ọ́ kọ àlàyé sí i. Lẹ́yìn náà, á gbìyànjú láti fọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni, á mọ̀ọ́mọ̀ wá ọ̀nà tó lè gbà bàjẹ́, torí ó sàn kó bàjẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ju kó bàjẹ́ ní báǹkì lọ. Kò gba ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni láti ṣe èyí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè dá sí i. Àmọ́ nǹkan bí ọgbọ̀n èèyàn péré ló ní kọ́kọ́rọ́ láti gbé e wọlé gan-an, wọ́n ń pè wọ́n ní committer. Tí wọ́n bá sì gbé e wọlé, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì kọ orúkọ àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú. Ẹ gbọ́ o: orúkọ òǹkàwé wà níbẹ̀.

Ibi tó ti dunni

Kí ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ń lọ geerege. Ní 2013, àbùlẹ̀ kan wọ ẹ̀dà 9.3 tó yí bí wọ́n ṣe ń ti ìlà pa fún ìgbà díẹ̀ padà. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò fún ìgbà pípẹ́ o. Síbẹ̀, àléébù tó wà nínú ẹ̀ lè ba ìsọfúnni àwọn èèyàn jẹ́, títí wọ 2015 ni wọ́n sì ń fi àtúnṣe lé àtúnṣe. Wọn ò bò ó mọ́lẹ̀; ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tó jáde ló ń sọ ohun tó bàjẹ́ àti ohun tí wọ́n ṣe sí i.

Ní oṣù Kẹrin 2018, Simon Riggs, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ṣe iṣẹ́ bàǹtàbanta fún PostgreSQL, gbé MERGE wọlé. Àṣẹ kan ni tó ń wò bóyá ìlà kan ti wà: tó bá wà, á tún un ṣe, tí kò bá sí, á fi í síbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kà á, wọ́n ní bí wọ́n ṣe kọ́ ọ kò tíì dáa tó. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi jáde padà. Ẹ fojú inú wò ó: àgbà tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, iṣẹ́ tó ti ná an ní ọ̀pọ̀ oṣù, ní gbangba ayé. Ó gbà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Àwọn mìíràn tún iṣẹ́ náà mọ, Álvaro Herrera gbé e wọlé ní oṣù Kẹta 2022, ó sì jáde nínú ẹ̀dà 15 ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Orúkọ Riggs wà lára àwọn tó kọ ọ́. Ó kú ní oṣù Kẹta 2024, àmọ́ ó rí i kó tó lọ.

Olè tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé

Oṣù tí Riggs kú yẹn náà ni ohun mìíràn ṣẹlẹ̀, tó fi hàn wá ohun tó lè dé bá ilé tí kò ní òǹkàwé. Sọ́fítíwià kan wà tó ń jẹ́ xz, tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà kárí ayé ń lò ó, ṣùgbọ́n èèyàn kan ṣoṣo, Lasse Collin, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ń dá a tọ́jú, láìgba owó, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ní 2021, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí fi àbùlẹ̀ ránṣẹ́. Àbùlẹ̀ gidi ni. Àwọn kan ń fúngun mọ́ Collin pé iṣẹ́ ń falẹ̀, kó wá olùrànlọ́wọ́. Ó gbà. Nígbà tó yá, kọ́kọ́rọ́ bọ́ sọ́wọ́ Jia Tan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó gbé ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 jáde, ó fi ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ sínú wọn, tó lè jẹ́ kí olè wọ kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ẹnu ògiri ọ̀hún ni àárẹ̀ ẹnì kan.

Ta ló wá rí i? Andres Freund, ọ̀kan lára àwọn committer PostgreSQL. Ó ń wọn bí àtúnṣe kan nínú PostgreSQL ṣe yá tó, ó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ló bá rí i pé apá tó ń jẹ́ kí èèyàn wọlé láti òkèèrè ń jẹ agbára ju bó ṣe yẹ lọ. Wíwọlé ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá! Ẹlòmíì á ṣẹ́jú, á kọjá lọ. Freund tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2024 ó kéde fún ayé. Ìbàjẹ́ náà ò tíì wọ inú àwọn ẹ̀dà Linux tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́kàn lé.

Ó wù mí kí n sọ pé àkíyèsí báyìí ò bọ́ láti ojú ọ̀run. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ka iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ́, tó ti mọ́ ọn lára láti béèrè pé "kí ló dé tí èyí fi rí báyìí?", ojú rẹ̀ ti là.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí. Ẹni tó lè kọ nǹkan ò wọ́n láyé. Ẹni tó máa ka ti ẹnìkejì tọkàntọkàn ló wọ́n. Àwọn ará PostgreSQL rí i ní kùtù, wọ́n sì ya oṣù sọ́tọ̀ fún un, wọ́n ń kọ orúkọ òǹkàwé sílẹ̀. Ibi tí ẹnì kan ti ń dá a ṣe, olè ló wá bá a fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, ẹni tó bá mú ewì kan wá, kó gba ti ẹlòmíì kan lọ sílé. Kó kà á dópin. Kó sọ òótọ́ fún un. Èmi ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ sókè.

Ó dìgbà kan ná.