Ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀ àti Ìsubú Ọ̀yọ́-Ilé

Ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1836, Ìlọrin ló ń pàṣẹ fún Ọ̀yọ́. Àwọn tí Àfọ̀njá, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, pè láti ràn án lọ́wọ́ nínú ọ̀tẹ̀ rẹ̀ sí Aláàfin ni wọ́n padà pa á, ìdílé Álímì, àlùfáà Fúlàní, sì gba Ìlọrin. Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, kọ ọ́ pé Aláàfin Olúewu lọ sí Ìlọrin lẹ́ẹ̀kan, àti pé ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ìlù gbẹ̀du rẹ̀, nítorí pé ọba méjì kò gbọdọ̀ sí nílẹ̀ kan náà. Kò sí ìwọ̀sí tó ju èyí lọ fún ọba Ọ̀yọ́. Nígbà tí wọ́n tún ránṣẹ́ pè é, kò lọ mọ́.

Ó wá ìrànlọ́wọ́ lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá. Sero Kpera, ọba Nikki, kó ọmọ ogun rẹ̀ wá, òun sì ni Yorùbá ń pè ní Ẹlẹ́dùwẹ̀. Irú ìpè yìí ni àwọn ará Tarentum, ìlú kan ní Ítálì, pe Pyrrhus, ọba Epirus nílẹ̀ Gíríìsì, tó fi gba orí òkun kọjá sí Ítálì ní ọdún 280 ṣáájú ìbí Jésù. Nígbà tó dé Sísílì, àwọn ọ̀rẹ́ tó ní níbẹ̀ ni wọ́n kẹ̀yìn sí i níkẹyìn.

Àwọn Ìbàrìbá jagun dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ń kó àwọn ìlú Yorùbá lójú ọ̀nà. Èyí ba ìfẹ́ àárín wọn àti àwọn Yorùbá jẹ́. Ohun tó burú jù wà láàárín àwọn ìjòyè Olúewu fúnra wọn: wọ́n ń bẹ̀rù pé bí ó bá ṣẹ́gun Ìlọrin, àwọn ló kàn. Nígbà tí ìjà dójú ẹ̀ lẹ́bàá Ìlọrin, Àtìbà àti àwọn balógun mìíràn kò jà. Wọ́n yẹ̀ sẹ́yìn. Olúewu àti Ẹlẹ́dùwẹ̀ kú sójú ogun.

Àwọn ará Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú Ọ̀yọ́ nígbà náà, sá kúrò, àwọn kan sí Kíṣí, àwọn mìíràn sí Ìgbòho. Ògbómọ̀ṣọ́ gba ọ̀pọ̀ ará ìlú tí ogun fọ́, ó sì gbòòrò sí i. Àtìbà jọba ní Àgọ́ Ọjà, èyí tó di Ọ̀yọ́ òde òní, ó fi Olúyọ̀lé jẹ Baṣọ̀run, ó sì fi Kúrunmí jẹ Kakaǹfò.

Lójú tèmi, ọwọ́ àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ fúnra wọn ni ìmùlẹ̀ yìí ti bàjẹ́, kì í ṣe agbára Ìlọrin. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin yìí kan náà ní Òṣogbo.